Kí Ló Dé tí Google Kò Rí Ṣọ́ọ̀bù Àdìrẹ Mi?

Arábìnrin kan tí ó ń ta àdìrẹ ní Òṣogbo ló kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọkùnrin kan bá mi ṣe wẹ́bùsáìtì fún ṣọ́ọ̀bù mi ní ọdún tó kọjá, mo sì san owó rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ 'adire Osogbo' sórí Google, ti àwọn ẹlòmíràn ni mo ń rí, títí kan àwọn tó wà ní Èkó. Ẹnìkan ti wá sọ fún mi pé bí mo bá fún òun ní ₦200,000, òun á gbé mi dé ipò kìíní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé kí n san án? Kí ni mo ṣe tí Google kò fi rí mi?"

Ìbéèrè méjì ni arábìnrin yìí rò pé òun bi mí, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni mo kà nínú lẹ́tà rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti owó, bóyá kí òun san án tàbí kí òun má san án. Èkejì ni ti ìdí tí ìkànnì rẹ̀ kò fi jáde. Ẹ̀kẹta, tí kò fi ẹnu sọ, ṣùgbọ́n tí ó hàn nínú bí ó ṣe kọ ọ́ pé òun "san owó rẹ̀ pé", ni bóyá ọmọkùnrin tí ó ṣe ìkànnì náà rẹ́ òun jẹ. Mo bèèrè àdírẹ́sì ìkànnì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi bíi wákàtí kan yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó jókòó kọ èsì yìí, nítorí náà ohun tí mo fi ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Ti owó ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ni kò lè dúró: ẹ má san án.

Google kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti gbé ìkànnì rẹ̀ sókè nínú èsì ìwádìí. Ìpolówó ni ó ń gbowó lé lórí, ìyẹn àwọn tí a ń rí ọ̀rọ̀ "Sponsored" lára wọn, ìpolówó náà a sì pòórá ní ọjọ́ tí owó bá tán. Nínú ìmọ̀ràn tí Google fúnra rẹ̀ kọ fún àwọn oníṣòwò, ó sọ ọ́ ní kedere pé kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun yóò gbé ìkànnì kan dé ipò kìíní. Àwọn tí ó ń ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ kì í sábà parọ́ pátápátá. Inú ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi dán an wò ni wọ́n ń fi ẹ̀tàn pamọ́ sí. Ọkùnrin kan tí ó ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi ní Òkè-Fíà nígbà kan, inú rẹ̀ ń dùn pé ẹni tí òun san owó fún ti gbé òun dé òkè. Nígbà tí mo wo ohun tí ó tẹ̀, odindi orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni, pẹ̀lú orúkọ àdúgbò. Ta ni yóò bá a du ipò kìíní nínú orúkọ ara rẹ̀? Mo mú fóònù tèmi, mo tẹ orúkọ ọjà tí ó ń tà àti orúkọ ìlú nìkan, a sì wá a títí dé ojú ìwé kẹrin láìrí i.

Ohun mìíràn tún wà tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ. Google máa ń wo ibi tí ẹni tí ó ń bèèrè wà, ó sì lè wo ohun tí onítọ̀hún ti bèèrè tẹ́lẹ̀, kí ó tó to èsì rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ẹni tí ó dúró sí Ìgbọ̀nà yóò rí lè yàtọ̀ sí ohun tí ẹni tí ó wà ní Alẹ́kúwodò yóò rí, àwọn méjèèjì sì lè yàtọ̀ sí ẹni tí ó jókòó ní Ìbàdàn. Ipò kìíní tí ẹni tó ní kí ẹ san ₦200,000 fẹ́ tà fún yín kì í ṣe ibì kan pàtó tí a lè gbé ènìyàn jókòó sí. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò láìtan ara yín, ẹ ya fóònù ẹlòmíràn lò, tàbí kí ẹ ṣí ojú ìwé àdáni tí wọ́n ń pè ní incognito, kí ẹ sì tẹ ọ̀rọ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ yín rí yóò tẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ ìdí rẹ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Google ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìgbà tí a bá tẹ ìbéèrè sí i ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì láti wá ìdáhùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Googlebot, tí ó ń rìn tọ̀sán-tòru láti ojú ìwé kan dé òmíràn nípa títẹ̀lé líǹkì tí ó bá rí. Ohun tí ó bá kà ni ó ń tò sínú àkójọ ńlá kan. Inú àkójọ yìí ni ó ti ń mú ìdáhùn jáde nígbà tí ẹnìkan bá bèèrè. Nígbà tí Larry Page àti Sergey Brin dá Google sílẹ̀ ní 1998, èrò tí ó mú wọn yàtọ̀ ni pé bí ọ̀pọ̀ ojú ìwé bá ń tọ́ka sí ojú ìwé kan, ẹ̀rí ni pé ohun gidi wà níbẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ni ó ń wò mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ẹlòmíràn ṣì níye lórí. Ìkànnì tí a kò bá rí, nígbà náà, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ náà kò tíì dé ibẹ̀, tàbí pé ó dé ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ó tò ó sínú àkójọ, tàbí pé ó wọlé ṣùgbọ́n kò rí ohun kà, tàbí pé ó kà á tán ó sì rí i pé àwọn ẹlòmíràn dáhùn ìbéèrè náà dáadáa jù ú lọ. Àìsàn mẹ́rin ni wọ̀nyí, oògùn wọn kò sì jọra. Ẹni tí ó fẹ́ gba ₦200,000 kò tíì bi yín léèrè èwo ni ó ń ṣe yín.

Ìdánwò kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ tẹ site: sínú àpótí ìwádìí Google, kí ẹ lẹ àdírẹ́sì ìkànnì yín mọ́ ọn láìfi àyè sílẹ̀ láàárín wọn. Èsì tí yóò jáde ni àwọn ojú ìwé yín tí Google ní lọ́wọ́. Nígbà tí mo ṣe é fún ìkànnì arábìnrin wa, kò sí ojú ìwé kan ṣoṣo. Mo wá wo ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ ojú ìwé náà, níbi tí ojú oníbàárà kì í dé, mo sì rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó ti pa á mọ́ láti ọdún tó kọjá: noindex. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìkànnì náà fúnra rẹ̀ ń sọ fún Google ní gbogbo ìgbà tí ó bá dé pé kí ó má kọ òun sílẹ̀. Google sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. WordPress, ìyẹn ètò kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ́ ìkànnì, ni wọ́n fi kọ́ ìkànnì yín. Nínú Settings, lábẹ́ Reading, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí pé "Discourage search engines from indexing this site". Ẹni tí ó bá ń kọ́ ìkànnì máa ń tíìkì rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, kí àwọn ará ìta má baà máa rí ilé tí kò tíì ní òrùlé. Ó yẹ kí ó mú un kúrò ní ọjọ́ tí ó bá ń fa iṣẹ́ lé ẹni tó ni ìkànnì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ owó àti ìyípadà àwọ̀ máa ń gba gbogbo ọkàn ènìyàn. Èmi náà ti gbàgbé rẹ̀ rí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ìkànnì ilé ìtajà oògùn kan tí mo ṣe fi wà lábẹ́ ìbòjú bẹ́ẹ̀ kí oníṣòwò náà tó pè mí, mo sì tọrọ àforíjì, mo dá apá kan owó rẹ̀ padà. Nítorí náà, lórí ìbéèrè tí ẹ kò bi mí, mi ò rò pé ọmọkùnrin náà rẹ́ yín jẹ. Ó gbàgbé ni, kò sì padà wá wò ó.

Ẹ mú tíìkì yẹn kúrò, kí ẹ sì tẹ "Save Changes". Lẹ́yìn náà, ẹ fi Gmail yín wọ Google Search Console, ìyẹn ibi tí Google ti ń fi han oníkànnì bí òun ṣe ń rí ìkànnì rẹ̀, tí ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ẹ sì tẹ̀lé ìlànà tí yóò fi mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ ni ìkànnì náà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti fún un ní sitemap, ìyẹn ìwé tí ó to gbogbo ojú ìwé yín lẹ́sẹẹsẹ; WordPress ti ń ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀ láti 2020, orúkọ rẹ̀ sì ni wp-sitemap.xml. Ẹ lè lẹ àdírẹ́sì ojú ìwé kọ̀ọ̀kan mọ́ àpótí òkè, kí ẹ sì bẹ Google pé kí ó wá wò ó. Ó lè gba ọjọ́ díẹ̀, ó lè gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Títẹ bọ́tìnì náà ní ìgbà mẹ́wàá kò ní mú un yára. Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ fi fáìlì robots.txt dí Google lọ́nà ná títí ẹ ó fi tún ìkànnì ṣe tán, ẹ má gbà, nítorí bí Google kò bá lè wọlé, kò ní rí i pé ẹ ti yọ noindex kúrò.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ yóò dúró sí, wọn yóò gbowó, wọn yóò sì máa lọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún yín pé bí Google tilẹ̀ wọlé lọ́la, kò sí ohun púpọ̀ tí yóò bá níbẹ̀. Ojú ìwé àkọ́kọ́ yín jẹ́ fláyà márùn-ún tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà. Orúkọ ọjà, iye yáàdì, nọ́ńbà fóònù, gbogbo rẹ̀ wà nínú àwòrán. Ojú ènìyàn lè kà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a bá kọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ fi ń mọ ohun tí ojú ìwé dá lé lórí. Ti inú àwòrán kò ṣe é gbójú lé. Ọ̀rọ̀ gidi kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ ni gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì méjì tí ó ń kí àlejò káàbọ̀ tí ó sì ń sọ pé ojúlówó ni ọjà yín, èyí tí oníbàtà àti onísìmẹ́ǹtì pàápàá lè kọ. Àkọlé ojú ìwé náà, tí í ṣe ìlà tí ènìyàn máa ń rí tí ó sì ń tẹ̀ nínú èsì Google, ni "Home". Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kò sí ibì kankan nínú ìkànnì náà tí a ti kọ ọ̀rọ̀ náà "àdìrẹ" sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí "Òṣogbo".

Ẹ wo bí ó ti jẹ́ ohun ìyanu tó, pé nínú ìlú tí a ń kì ní ìlú aró, aládìrẹ kò ní ohun tí ó lè sọ nípa àdìrẹ. Mo mọ̀ pé bí mo bá wá sí ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ ó bá mi sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ẹ ó sọ fún mi bí àdìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe yàtọ̀ sí oníko, pé ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya ti àkọ́kọ́, tí ibi tí ẹ̀kọ bá bò kò sì ní mu aró, àti pé okùn ìko ni wọ́n fi ń di èkejì. Ẹ ó sọ èyí tí wọ́n fi ewé ẹ̀lú rẹ àti èyí tí wọ́n fi àwọ̀ òyìnbó pa láró, èyí tí yóò ṣí nínú omi àkọ́kọ́ àti èyí tí kò ní ṣí. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ó yẹ kí ó wà lórí ìkànnì. Ẹ ṣí WhatsApp yín, kí ẹ sì wo ohun tí àwọn oníbàárà ti bi yín láàárín oṣù méjì sẹ́yìn. Ó dájú pé ìbéèrè kan náà ni ó ń padà wá: yáàdì mélòó ni, ṣé ó máa ń ṣí, báwo ni a ṣe ń fọ̀ ọ́, ṣé ẹ lè ṣe ọgọ́ta fún aṣọ ẹbí, ọjọ́ mélòó ni yóò gbà, ṣé ẹ ń fi ránṣẹ́ sí Àbújá. Ìdáhùn tí ẹ ti tẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ìgbà yẹn, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sórí ìkànnì. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní ìlú yìí, kò sí èyí tí owó rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó sì mú oníbàárà wá tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń pe ọjà yín. Ẹ̀yin ń pè é ní àdìrẹ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníbàárà kò ní orúkọ mìíràn fún un ju kàm̀pálà lọ, àwọn kan á ní "tie and dye", ẹni tí ó bá sì fẹ́ ra ọ̀pọ̀ á fi "wholesale" kún un. Ẹni tí ó ń múra ìgbéyàwó ní Ìbàdàn kò bèèrè ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ń gbé ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí ó ń wá aṣọ aró àtijọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe da gbogbo wọn pọ̀ sí ojú ìwé kan. Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́kọ ní ojú ìwé tirẹ̀, kí kàm̀pálà ní tirẹ̀, kí ríra ọ̀pọ̀ fún aṣọ ẹbí ní tirẹ̀, kí àkọlé ọ̀kọ̀ọ̀kan sì sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti ìlú tí ẹ wà. Ní ti èdè, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó ń wá ọjà máa ń tẹ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí Yorùbá tí kò ní àmì ohùn. Èmi máa ń kọ orúkọ ọjà ní ọ̀nà méjèèjì, ọ̀kan pẹ̀lú àmì, ọ̀kan láìsí. Bí ẹ bá lè kọ ojú ìwé kan ní Yorùbá gidi, ẹ kọ ọ́. Àwọn tí ẹ ó bá du ààyè níbẹ̀ kò pọ̀.

Àṣìlóye méjì ni mo fẹ́ tú kí n tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ kíkọ. Ẹni tí ó ń bèèrè owó lọ́wọ́ yín lè sọ pé òun yóò fi "keywords", ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn máa ń tẹ̀ láti wá ọjà, sí abẹ́ ìkànnì. Bí ó bá jẹ́ ìlà keywords tí ó máa ń wà nínú kóòdù ni ó ní lọ́kàn, Google ti kéde láti 2009 pé òun kì í lò ó fún títo èsì. Bí ó bá sì jẹ́ pé kí a máa tún "adire Osogbo" kọ ní ogójì ìgbà lójú ìwé kan ni, ìyẹn gan-an wà lára ohun tí Google kà sí ìwà jìbìtì. Èkejì ni pé àwọn kan yóò gbà yín nímọ̀ràn láti fi ẹ̀rọ aláròkọ, irú ChatGPT, kọ àádọ́ta àròkọ nípa ìtàn àdìrẹ. Láti oṣù Kẹta ọdún 2024, òfin Google ti dárúkọ títẹ ọ̀pọ̀ ojú ìwé tí kò wúlò jáde nítorí àtigòkè nìkan, ìbáà jẹ́ ènìyàn ló kọ wọ́n tàbí ẹ̀rọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀. Ojú ìwé mẹ́rin tí ó ní ohun tí ẹ̀yin nìkan mọ̀ sàn ju àádọ́ta yẹn.

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni kí ẹ fi ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ ní ṣe, màá ní kí ẹ fi ìkànnì sílẹ̀ ná, kí ẹ lọ ṣí Google Business Profile. Òun ni ó ń mú kí ṣọ́ọ̀bù hàn lórí àwòrán ilẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò, wákàtí tí ẹ ń ṣí, àti bọ́tìnì tí wọ́n lè fi pè yín. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá pè yín pé láti Google ni òun ti ń pè, kí ẹ wá san owó kí wọ́n má baà pa á rẹ́, ẹ gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Ohun mẹ́ta ni Google sọ pé òun ń wò níbẹ̀: bí ọjà yín ṣe bá ìbéèrè mu tó, bí ẹ ṣe jìnnà sí ẹni tí ó ń bèèrè tó, àti bí wọ́n ṣe mọ̀ yín tó. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kò sí lọ́wọ́ yín, òun gan-an ni ó sì ń gbè yín jù. Àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, tí ó sì tẹ "adire near me" sórí fóònù rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù Èkó kò ní wúlò fún un. Ní oṣù Kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, irú wọn pọ̀ ní ìgboro ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù bí ó ṣe wà lára pátákó yín gan-an. Bí ẹ bá fi "best adire wholesale" kún orúkọ, Google lè dá a dúró. Ọ̀pọ̀ ilé wa kò ní nọ́ńbà, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ yín gbé àmì náà lé orí òrùlé ṣọ́ọ̀bù lórí àwòrán ilẹ̀, kí ẹ má fi sílẹ̀ sí àárín títì. Google lè ní kí ẹ ya fídíò tí ó fi àdúgbò, pátákó àti inú ṣọ́ọ̀bù hàn kí ó tó gbà pé òótọ́ ni; ẹ yà á ní ọ̀sán, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ oníbàárà tí inú rẹ̀ dùn pé kí ó kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀, kí ẹ sì máa dá wọn lóhùn, títí kan ẹni tí ó bínú. Ẹ má kọ ọ́ fún ara yín, ẹ má sì rà á.

Nǹkan kéékèèké kù tí n kò ní pẹ́ lórí wọn. Àwọn fọ́tò yín wúwo, ọ̀kan tilẹ̀ ju mẹ́gábáìtì mẹ́fà lọ, dátà oníbàárà ni ẹ sì ń jẹ. Ẹ dín wọn kù kí ẹ tó gbé wọn sórí ìkànnì, kí ẹ sì kọ ohun tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè tí WordPress pè ní alt text. Bí ìkànnì bá ṣe rí lórí fóònù ni Google ń kà á báyìí, kì í ṣe bí ó ṣe rí lórí kọ̀ǹpútà. Ní ti líǹkì, ẹ má ra èyíkéyìí, nítorí ó lòdì sí òfin Google, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń fi ìyà jẹ àwọn tí ó ń rà á. Ẹ bá òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn àlejò ń dé sí sọ̀rọ̀, àti àwọn télọ̀ tí ń rán aṣọ yín tí wọ́n ní ìkànnì, bóyá wọn yóò tọ́ka sí yín. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó ọ̀rọ̀ sọ.

Ohun kan wà tí ó ń bí mi nínú tí n kò lè gbójú fò. Mo wò ó, mo sì fura pé orúkọ ìkànnì yín, ìyẹn domain, kò sí lábẹ́ orúkọ yín. Bí ọmọkùnrin náà bá lọ sí Kánádà lọ́la, tàbí tí ó gbàgbé láti san owó ọdún, gbogbo iṣẹ́ tí mo ń kà sílẹ̀ yìí á di ti ẹlòmíràn. Ẹ pè é, láìbá a jà, kí ẹ gba páásíwọ́ọ̀dù, kí ẹ ní kí ó gbé domain náà sí orúkọ àti ímeèlì tiyín, kí ẹ sì mọ ọjọ́ tí owó rẹ̀ ń pé.

Nísinsin yìí, kí ni ẹ lè retí? Google kò sọ bí òun ṣe ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, nítorí náà ohun tí ọwọ́ mi ti bà ni mo ń sọ. Bí ẹ bá ṣe é, ó ṣeé ṣe kí ẹ jáde fún àwọn ìbéèrè tí orúkọ Òṣogbo wà nínú wọn láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Fún "adire" lásán, mi ò rò pé ẹ ó jáde rárá. Àwọn ilé ìtajà ńlá Èkó àti àwọn ará Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ti wà níbẹ̀ ṣáájú yín, àwọn ilé ìwé ìtàn àti ilé ohun àtijọ́ ní òkè òkun sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láti 2024, Google fúnra rẹ̀ ti ń fi ẹ̀rọ kọ ìdáhùn kúkúrú sí òkè àwọn èsì kan, tí ẹlòmíràn á kà á tán tí kò sì ní tẹ ìkànnì ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí ni ó ń mú oníbàárà wá bá yín lórí WhatsApp, ìkànnì kò ní gba ipò wọn. Ó kàn lè mú àwọn tí kò mọ ẹnikẹ́ni tí ó mọ̀ yín wá ni.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ yín tí ẹ sì fẹ́ ná an dandan, mo rí ọ̀nà méjì tí ó sàn ju ti ẹni tó ń bèèrè ₦200,000 lọ. Ẹ lè fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe ìpolówó Google ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ṣáájú ọdún Ọ̀ṣun, fún àwọn tí ó wà ní Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀ nìkan, pẹ̀lú òté lórí iye tí yóò ná lójúmọ́. Tàbí kí ẹ gba ẹnìkan síṣẹ́ láti bá yín kọ ojú ìwé mẹ́rin náà kí ó sì ya fọ́tò tí ó dára, kí àdéhùn yín sì jẹ́ lórí iṣẹ́ tí ẹ lè fojú rí, kì í ṣe lórí ipò. Èkejì ni èmi ìbá yàn, torí ohun tí a bá kọ á ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí owó bá tán.

Ẹ mú tíìkì yẹn kúrò lónìí kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ẹ tún tẹ site: pẹ̀lú àdírẹ́sì yín. Bí ó bá ṣì ṣófo, ẹ wọ Search Console, ẹ ya àwòrán ohun tí ó kọ sí iwájú ojú ìwé àkọ́kọ́ yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ó máa ń sọ ìdí tí kò fi gbà á wọlé níbẹ̀, a ó sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.